Fáíbà àti ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀: kí ló kan ìfun níbẹ̀?

Ìyá Ìbejì:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa oúnjẹ àti ẹ̀dọ̀, ẹ bá mi dá sí i. Wọ́n ya àwòrán ikùn ọkọ mi, wọ́n ní ọ̀rá ti wọ ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Kì í mutí rárá. Dókítà ní kó dín ṣúgà kù, kó máa jẹ fáíbà dáadáa, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Ohun tí kò yé mi ni pé inú ìfun ni fáíbà ń gbà kọjá, ìgbẹ́ ló sì ń bá jáde. Ọ̀nà wo ló fi dé ẹ̀dọ̀? Ẹnì kan ní kó máa po ṣíbí kan psyllium, ìyẹ̀fun èèpo irúgbìn kan tó kún fún fáíbà, mu láràárọ̀, pé yóò fọ ẹ̀dọ̀ mọ́. Ẹlòmíì ní omi èso ni kó máa mu. Èwo ni ká mú?

* * *

Olóúnjẹ:
Ìyá Ìbejì, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Kò sí oúnjẹ tó ń fọ ẹ̀dọ̀. Ohun tí fáíbà lè ṣe ni pé kó tún ohun tí ìfun ń fi ránṣẹ́ sí ẹ̀dọ̀ ṣe, ọ̀nà tó sì wà láàárín àwọn méjèèjì kúrú gan-an.

Nínú gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó ń wọ ẹ̀dọ̀, bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ló ń ti ìfun àtàwọn ẹ̀yà ara tó wà nítòsí rẹ̀ bọ̀. Iṣan ńlá kan ló ń gbé e wá, kò sì kọ́kọ́ yà síbòmíì. Nítorí náà, ohunkóhun tó bá jò jáde nínú ìfun, ẹ̀dọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ bá pàdé.

Fáíbà ni apá oúnjẹ irúgbìn tí ikùn àti ìfun kékeré wa kò lè dà. Tó bá dé ìfun ńlá, àwọn bakitéríà tó ń gbébẹ̀ á jẹ ẹ́, wọ́n á sì sọ ọ́ di ásíìdì kéékèèké mẹ́ta: acetate, propionate àti butyrate. Butyrate ni kẹ́ ẹ fi sọ́kàn jù. Òun ni oúnjẹ àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà lára ògiri ìfun ńlá. Tí wọ́n bá ń rí i jẹ, wọ́n á so mọ́ra pinpin, ikun tó bo ògiri náà á sì nípọn.

Tí fáíbà ò bá wá, bakitéríà ò ní torí ẹ̀ kú tán. Bí ewúrẹ́ tí kò rí koríko ṣe ń yíjú sí ọgbà ni àwọn kan nínú wọn ṣe ń yíjú sí ikun yẹn, tí wọ́n á máa jẹ ẹ́. Wọ́n ti rí èyí kedere lára eku nínú ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2016. Ààbò ògiri á wá tín-ín-rín, èérún ara bakitéríà á sì máa jò wọ inú iṣan tí mo sọ yẹn, ó di ẹ̀dọ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣọ́ ẹ̀dọ̀ á rò pé àrùn ló wọlé, wọ́n á gbéjà kò ó. Nínú ẹ̀dọ̀ tí ọ̀rá ti kún, ìjà yẹn wà lára ohun tó ń mú kí ẹ̀dọ̀ wú, tí àpá á sì máa dá sí i lára bó bá pẹ́.

Òróòro tún ń bẹ níbẹ̀. Kọlẹ́sítẹ́róòlù ni ẹ̀dọ̀ fi ń ṣe omi òróòro tó ń da ọ̀rá oúnjẹ. Fáíbà tó máa ń yọ̀ bí ilá, irú èyí tó wà nínú óòtì, ọkà báálì àti psyllium, máa ń di òróòro náà mú, á sì gbé e jáde. Ẹ̀dọ̀ á wá fa kọlẹ́sítẹ́róòlù míì nínú ẹ̀jẹ̀ láti fi ṣe tuntun. Gíráàmù 3 irú fáíbà óòtì yìí lójúmọ́ ti tó láti mú kọlẹ́sítẹ́róòlù burúkú wálẹ̀ díẹ̀.

* * *

Dókítà Ẹ̀dọ̀:
Òótọ́ ni Olóúnjẹ sọ, àmọ́ mi ò fẹ́ kí Ìyá Ìbejì rò pé fáíbà ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. Tí ọkọ yín bá sanra, ìwọ̀n ara ni. Tó bá dín ìdá 5 nínú 100 ìwọ̀n rẹ̀ kù, ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Tó bá dé 7 sí 10, wíwú ẹ̀dọ̀ náà á máa rọlẹ̀. Àpá ló le jù, ó máa ń fẹ́ tó 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dín. Fún ẹni tó wọn kílò 90, ìyẹn ni kílò 4.5, lẹ́yìn náà kílò 6 sí 9. Kó má fi ebi pa ara rẹ̀ láti débẹ̀ o. Kílò kan lọ́sẹ̀ kan ti pọ̀ tó.

Ibi tí fáíbà ti wúlò jù níbí ni àyè tó ń gbà lọ́wọ́ ohun tó ń bà ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ṣúgà inú ọtí ẹlẹ́rìndòdò, bí ìdajì rẹ̀ ló jẹ́ fructose. Ìfun kékeré lè bójú tó díẹ̀ nínú rẹ̀, àmọ́ tó bá ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ó máa ń kọjá agbára rẹ̀, ìyókù á kọjá sí ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ á sì sọ ọ́ di ọ̀rá. Ẹni tó ń jẹ gíráàmù 30 fáíbà lójúmọ́, tó sì ń fi ìgò ẹlẹ́rìndòdò méjì lé e, iṣẹ́ àṣedànù ló ń ṣe.

Ẹ fi ọjọ́ orí ẹ̀ ránṣẹ́, àti AST àti ALT (èròjà inú ẹ̀dọ̀ tó máa ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ bí ẹ̀dọ̀ bá ń fara pa) àti platelet (èyí tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì) tó wà nínú èsì ẹ̀jẹ̀. Àwòrán ikùn lè sọ pé ọ̀rá wà, kò lè sọ bóyá àpá wà, ìyẹn ló sì yẹ ká mọ̀ kíákíá.

* * *

Bàbá Kékeré:
Mo tako ibi kan. Ẹ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé gbogbo ohun tó bá ti bọ́ bakitéríà ló dáa. Lọ́dún 2018 àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà fi inulin, tó jẹ́ fáíbà, kún oúnjẹ eku, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ sì yọ lára àwọn kan. Acetate tẹ́ ẹ dárúkọ yẹn ńkọ́? Ẹ̀dọ̀ lè fi òun náà ṣe ọ̀rá. Lọ́dún 2020 wọ́n fi hàn lára eku pé fructose tó bá dé ìfun ńlá, bakitéríà á sọ ọ́ di acetate, ẹ̀dọ̀ á sì sọ acetate di ọ̀rá. Bakitéríà Klebsiella kan tún wà tí wọ́n rí ní Ṣáínà lọ́dún 2019, ó ń pọn ọtí nínú ìfun ẹni tí kò fẹnu kan ọtí. Kí ló dé tẹ́ ẹ fò wọ́n?

* * *

Olóúnjẹ:
Àtakò yín nítumọ̀, ẹ jẹ́ ká mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwọn eku ọdún 2018 tó ní jẹjẹrẹ, ètò ààbò ara wọn ti ní àbùkù látìbẹ̀rẹ̀, bakitéríà inú wọn sì ti dàrú. Inulin tí wọ́n ti yọ kúrò lára irúgbìn, tí wọ́n wá dà pọ̀ mọ́ oúnjẹ tí wọ́n ti sọ di ìyẹ̀fun, ni wọ́n ń jẹ. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé fáíbà inú ike kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ẹ̀wà, àti pé ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti le tàbí tí òróòro rẹ̀ kò ṣàn dáadáa kò gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ máa da ìyẹ̀fun inulin mu. Kò sọ pé kéèyàn sá fún èso.

Ti acetate, ẹ wo ibi tó ti wá. Fructose tó ya wọlé lójijì ni wọ́n lò. Fáíbà kì í ya wọlé, wákàtí lórí wákàtí ni bakitéríà fi ń jẹ ẹ́, propionate àti butyrate sì ń jáde pẹ̀lú acetate. Ti Klebsiella náà kò ta ko ohun tí mò ń sọ: ṣúgà ni irú bakitéríà bẹ́ẹ̀ fi ń pọn ọtí. Ẹ gba ṣúgà lọ́wọ́ ẹ̀.

Tí ẹ bá sì fẹ́ ìwádìí lára èèyàn, kì í ṣe eku, ọ̀kan jáde láti Ṣáínà lọ́dún 2023. Igba èèyàn tí ọ̀rá wà nínú ẹ̀dọ̀ wọn ni wọ́n pín sí méjì fún oṣù mẹ́rin. Àwọn kan ń gba sítáàṣì àgbàdo tí kì í dà nínú ìfun kékeré, gíráàmù 40 lójúmọ́. Àwọn tó kù ń gba sítáàṣì lásán tí agbára rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ìyẹn. Ọ̀rá ẹ̀dọ̀ àwọn ti àkọ́kọ́ dín kù ju ti àwọn tó kù lọ. Wọ́n fọn díẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ nígbà tí wọ́n yọ fífọn náà kúrò nínú ìṣirò, ìyàtọ̀ ṣì wà.

Èyí ló mú mi dé psyllium. Kì í ṣe ayédèrú, àmọ́ iṣẹ́ tí wọ́n ní kó ṣe kọ́ ló mọ̀ ọ́n ṣe. Ó máa ń fa omi, á di ọ̀lẹ̀lẹ̀, á fa ṣúgà sẹ́yìn kó má baà yára wọnú ẹ̀jẹ̀, á di òróòro mú, á sì mú kí ìgbẹ́ rọ̀. Bakitéríà kì í fi bẹ́ẹ̀ rí i jẹ. Tó bá jẹ́ pé ògiri ìfun lẹ fẹ́ bọ́, ẹ̀wà, óòtì, àlùbọ́sà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí kò tíì pọ́n tán àti sítáàṣì tó ti tutù ló ń ṣe ìyẹn. Èèpo àlìkámà ní tiẹ̀, ìgbẹ́ ló ń mú yá ju ohunkóhun lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń jẹ oríṣi kan ṣoṣo fi ń pàdánù iṣẹ́ méjì yòókù.

* * *

Ìyá Ìbejì:
Ẹ ṣé o. Ọdún 48 ni. AST 44, ALT 62, platelet 210. Kò ní àtọ̀gbẹ. Búrẹ́dì funfun àti ìrẹsì funfun ló máa ń jẹ jù. A gbìyànjú ẹ̀wà, ó jẹ àwo kan ní alẹ́, inú ẹ̀ wú títí ilẹ̀ fi mọ́, ó ní òun ò jẹ ẹ́ mọ́. Gíráàmù mélòó gan-an la ń lé?

* * *

Dókítà Ẹ̀dọ̀:
Ìṣirò kan wà tí wọ́n ń pè ní FIB-4, tó ń fi èsì ẹ̀jẹ̀ díwọ̀n bóyá àpá wà nínú ẹ̀dọ̀, ẹ lè fi fóònù ṣe é. Ẹ sọ ọjọ́ orí di ìlọ́po AST: 48 lọ́nà 44 jẹ́ 2,112. Ẹ wá gbòǹgbò onílọ̀ọ́po méjì ALT: ti 62 jẹ́ bíi 7.87. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po platelet, 210, ó jẹ́ bíi 1,653. Ẹ fi èyí pín ti àkọ́kọ́: 1.28.

Tí kò bá tó 1.3, kò jọ pé àpá tó le wà. Tó bá ju 2.67 lọ, ọ̀dọ̀ onímọ̀ ẹ̀dọ̀ ni kéèyàn lọ. Ẹni tó ti lé ní 65, 2.0 ni ààlà ìsàlẹ̀ tiẹ̀. Ọkọ yín wà lábẹ́ ààlà, àmọ́ ó súnmọ́ ọn tímọ́tímọ́. Tó bá jẹ́ èmi ni, màá ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń wọn líle ẹ̀dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò bó bá wà nítòsí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó tún ẹ̀jẹ̀ ṣe lọ́dún tó ń bọ̀, kó má sọ pé ọ̀rọ̀ ti tán.

* * *

Olóúnjẹ:
Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ó kéré tán gíráàmù 25 lójúmọ́ fún àgbàlagbà, láti inú oúnjẹ gan-an. Ẹni tó ń fi búrẹ́dì funfun àti ìrẹsì funfun gbélé ayé lè máà ju 10 sí 12 lọ. Fífò láti 10 sí 25 lálẹ́ ọjọ́ kan ló wú u nínú. Ẹ̀wà ò ṣẹ̀ ẹ́. Bakitéríà tó ń jẹ ẹ̀wà kò tíì pọ̀ nínú rẹ̀ ni.

Ẹ fi gíráàmù 5 kún un lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ pààrọ̀ oúnjẹ àárọ̀ nìkan: óòtì gbígbẹ gíráàmù 40 (fáíbà 4), láì bu ṣúgà sí i. Ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ bu ẹ̀wà síbí ìjẹun mẹ́ta sínú ìrẹsì, kì í ṣe àwo. Ọ̀sẹ̀ kẹta, èso kan pẹ̀lú èèpo rẹ̀. Ápù tó mọ níwọ̀n ní bíi 4. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, ẹ sọ ẹ̀wà di ìdajì ife (6 sí 7) kẹ́ ẹ sì fi ẹ̀fọ́ sísè ife kan tì í (4 sí 5). Ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà kan, gíráàmù 28, fi bíi 2 kún un. Búrẹ́dì àlìkámà odindi, ègé méjì, 4 sí 5. Ẹ ti kọjá 25.

Ẹ̀wà náà: ẹ rẹ ẹ́ fún wákàtí 8 sí 12, ẹ da omi yẹn nù, ẹ fi omi tuntun sè é títí tí yóò fi fọ́ tí ẹ bá fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́. Ṣúgà tó ń fa afẹ́fẹ́ púpọ̀, apá kan nínú rẹ̀ ló ń bá omi àkọ́kọ́ yẹn lọ. Ẹ̀wà tí kò jinná dáadáa máa ń wúni nínú jù, ẹ̀wà pupa ńlá tí wọn ò sè jinná tiẹ̀ lè mú kéèyàn bì. Ọ̀sán ni kó máa jẹ ẹ́, kó tó wá máa jẹ ẹ́ lálẹ́. Ìsó á pọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, á sì rọlẹ̀. Tó bá jẹ́ ìrora ni, tàbí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, ìyẹn kì í ṣe ti fáíbà, kó lọ rí dókítà.

Ẹ ṣọ́ra fún búrẹ́dì tó dúdú lásán. Àwọn kan fi àwọ̀ pa á láró ni. Ẹ yí àpò búrẹ́dì náà sẹ́yìn kẹ́ ẹ ka nọ́ńbà: fáíbà gíráàmù 6 nínú 100 dáa gan-an, 3 ṣe é mú, 2 wá sílẹ̀, funfun ni ẹ fi owó dúdú rà.

* * *

Bàbá Kékeré:
Mo gbà lórí eku. Sítáàṣì tó ti tutù yẹn ńkọ́? Wọ́n ń sọ kiri pé téèyàn bá ti fi ìrẹsì sínú fìríìjì, kò ní ṣúgà mọ́.

* * *

Olóúnjẹ:
Irọ́ ni. Tí ìrẹsì tàbí ànàmọ́ sísè bá tutù, díẹ̀ nínú sítáàṣì rẹ̀ á tún ara rẹ̀ tò, ìfun kékeré ò sì ní lè dà á mọ́. Téèyàn bá tún un gbé kaná, púpọ̀ nínú èyí tó ti tò náà ṣì máa ń wà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ gíráàmù díẹ̀ ni àǹfààní rẹ̀ nínú àwo kan, ìyókù ìrẹsì ṣì ni ìrẹsì. Ẹ má fi ṣe àwáwí láti bu àwo kejì.

* * *

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Ẹ jẹ́ kí n wọlé níbí, torí mo ń rí ibi tí wọ́n á ti fi ìrẹsì tutù pa ara wọn lára. Kòkòrò àìfojúrí kan máa ń wà nínú ìrẹsì tí sísè kì í pa tán. Tí ìrẹsì bá wà nílẹ̀ pẹ́ nínú ooru, kòkòrò yẹn á pọ̀ sí i, á tu májèlé, iná ò sì ní ba májèlé náà jẹ́. Ẹ tẹ́ ìrẹsì pẹrẹsẹ sínú abọ́ fífẹ̀ kó lè tètè tutù, ẹ gbé e wọ fìríìjì kí wákàtí méjì tó pé, ẹ jẹ ẹ́ tán lọ́jọ́ kejì.

Àwọn tó máa lo psyllium: ṣíbí kékeré kan nínú omi tó pọ̀ tó mílílítà 240, kéèyàn gbé e mu kíákíá kó tó ki, kó sì tún fi omi lé e. Ẹni tí oúnjẹ máa ń há lọ́nà ọ̀fun, tàbí tí ìfun rẹ̀ ti fún níbì kan, kó má fẹnu kàn án, ó lè dí i. Kí oògùn èyíkéyìí jìnnà sí i ní wákàtí méjì, pàápàá oògùn gẹ̀gẹ̀. Ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ insulin, tàbí tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ tó lè já ṣúgà bọ́, kó máa wọn ṣúgà rẹ̀ léraléra bó bá ń yí oúnjẹ padà, torí oògùn ti tẹ́lẹ̀ lè wá pọ̀ jù.

Ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti le gbagidi, tí omi ti wà nínú ikùn ẹ̀, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀. Oúnjẹ oní-fáíbà tó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà á kún inú rẹ̀ kó tó rí ẹran àti ẹyin jẹ, bẹ́ẹ̀ ara rẹ̀ ń gbẹ. Díẹ̀díẹ̀ ni kó máa jẹ, lẹ́ẹ̀mẹ́fà lójúmọ́, kó sì jẹ nǹkan kó tó sùn. Síbẹ̀, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ìgbẹ́ dì mọ́ òun nínú, torí ìdọ̀tí tó bá pẹ́ nínú ìfun lè dà á lọ́pọlọ rú. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í dá oúnjẹ yí padà láì jẹ́ kí dókítà rẹ̀ mọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, gbogbo àpòpọ̀ tí wọ́n ní ó ń fọ ẹ̀dọ̀, ẹ jìnnà sí i. Èròjà ewé tíì aláwọ̀ ewé (green tea) tí wọ́n fún ki sínú kápúsù ti ba ẹ̀dọ̀ àwọn èèyàn kan jẹ́.

* * *

Ìyá Ìbejì:
Omi èso ńkọ́? Òun ló rọrùn jù fún un.

* * *

Olóúnjẹ:
Ọsàn kan tó mọ níwọ̀n ní fáíbà bíi gíráàmù 3 àti ṣúgà bíi 12. Ife omi ọsàn kan ní ṣúgà bíi 21, fáíbà rẹ̀ ò pé 1. Ẹni tó sẹ́ omi ọsàn ti da ohun tí ìfun nílò nù, ó wá gbé ohun tí ẹ̀dọ̀ ò fẹ́ mu. Tó bá jẹ́ pé ẹ lọ̀ èso pọ̀ tí ẹ ò sì sẹ́ ẹ, fáíbà ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ èèyàn máa ń mu èso mẹ́ta ní ìṣẹ́jú kan tí ì bá fi ogún ìṣẹ́jú jẹ. Kó fi eyín jẹ ẹ́.

* * *

Ìyá Ìbejì:
Ìgbà wo la máa mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́? Ṣé èmi àtàwọn ọmọ sì lè máa bá a jẹ ẹ́? Mi ò lè máa dá ìkòkò méjì kaná.

* * *

Dókítà Ẹ̀dọ̀:
Bakitéríà máa ń yí padà láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí oúnjẹ bá ti yàtọ̀, ẹ̀dọ̀ kì í yá tó bẹ́ẹ̀. Kó wọn ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, láàárọ̀ kó tó jẹun, kó sì fi téèpù wọn ìbàdí. Ẹ tún AST àti ALT ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Tí ALT bá wálẹ̀, ó dáa, àmọ́ ALT tó wálẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí pé àpá ti lọ, èèyàn sì lè ní ọ̀rá púpọ̀ nínú ẹ̀dọ̀ kí ALT rẹ̀ wà bó ṣe yẹ. Ẹ má máa ya àwòrán ikùn lóṣooṣù, ọ̀rá tó bá kéré kì í hàn nínú rẹ̀. Tó bá fẹ́ràn kọfí, kó máa mu ún láìsí ṣúgà. Àwọn tó ń mu ún déédéé, àpá kì í sábà pọ̀ nínú ẹ̀dọ̀ wọn bíi ti àwọn tí kì í mu ún.

* * *

Olóúnjẹ:
Ìkòkò kan náà ni, Ìyá Ìbejì. Fún àwọn ọmọ, ẹ mú ọjọ́ orí wọn kẹ́ ẹ fi 5 kún un: ọmọ ọdún 6, gíráàmù 11 lójúmọ́. Àwọn tí kò tíì pé ọdún 5, ẹ fún wọn ní ẹyin tàbí ẹja wọn kí ẹ̀wà tó kún inú wọn, kẹ́ ẹ sì lọ ẹ̀pà wọn kúnná, torí odindi ẹ̀pà lè há wọn lọ́fun.